Ayọ̀ Tó Ń Fo Ìlà

Lójú òǹwòran, ìgbà tí rẹfirí bá fọn fèrè ìkẹyìn ni eré parí. Lójú èmi tí mo pẹ́ nídìí fèrè, ìgbà yẹn gan-an ni àyà mi máa ń já. Agbábọ́ọ̀lù tó ti fi àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú sáré ti rẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọkàn rẹ̀ sì ti kúrò lójú ìjà. Kò wẹ̀yìn mọ́, kò wo ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó jókòó sábẹ́ igi láti ọ̀sán ni ara rẹ̀ ṣì le. Bí onítọ̀hún bá fo ìlà, tí ọgọ́rùn-ún èèyàn sì tẹ̀ lé e, ẹni tó ti rẹ̀ ni yóò ṣubú. Ì báà ṣe ayọ̀ ló gbé wọn wọlé, ì báà ṣe ìbínú, ilẹ̀ kan náà ni eléré yóò bá ara rẹ̀.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, rẹfirí sì ni mí pẹ̀lú. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, láti Orù àti Awà títí wọ àwọn ìlú etí omi lọ́hùn-ún ní Abìgì àti Ìwópin, mo ti fọn fèrè lórí pápá tó dára àti èyí tí kò dára. Mo darí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, mo darí básíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo ní láti sọ lórí ọ̀rọ̀ àwọn èrò tó ń ya wọ pápá kò gùn. Ìlà tí a fi ẹfun fà yí pápá ká, ẹ̀jẹ́ ni láàárín àwa tí à ń wòran àti àwọn ọmọ tó ń ṣeré. Láyé ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èèyàn ló ń ṣọ́ ẹ̀jẹ́ yìí. Lónìí a ti jẹ́ kí àwọn èèyàn náà dìde kúrò níbẹ̀, a sì ń fi odi, owó ìtanràn àti tajútajú dípò wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè ṣe iṣẹ́ náà.

Nígbà náà, bọ́ọ̀lù àdúgbò sí àdúgbò ló ń mú inú Ìjẹ̀bú-Igbó gbóná: Òkè-Sópin, Òjòwò, Àtìkòrì, Òkè-Àgbò, Jàpárà. Pápá kò lódi. Ìlà ẹfun nìkan ló wà, òjò a sì máa pa á rẹ́ nígbà mìíràn kí ìdajì àkọ́kọ́ tó pé. Síbẹ̀ ìlà náà dúró, nítorí pé àwọn àgbà jókòó tì í. Bàbá kan á gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òpó góòlù, ìyá alákàrà á tẹ́ ọjà rẹ̀ sí igun kejì, olùkọ́ tó mú pàṣán lọ́wọ́ á máa rìn lọ rìn bọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ sáré wọ pápá mọ̀ pé àbúrò bàbá òun wà lápá ọ̀hún, ó sì mọ̀ pé olùkọ́ tí òun máa bá ní kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè ń wo òun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi òwe yìí ṣe ẹ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀. Lórí pápá wa, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni.

Ẹni tó bá mọ agbo eégún dáadáa mọ̀ pé atọ́kùn kì í fi pàṣán wá ẹni tí yóò nà. Ó ń fi í ya àyè ni, kí eégún lè jó bó ṣe fẹ́, kí ọmọdé má sì kó sábẹ́ agọ̀. Gbogbo agbo ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá sẹ́yìn tẹ̀ríntẹ̀rín. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ìdí ìlà ní.

Ohun mìíràn tó tún ń ṣọ́ ìlà ni ọ̀rọ̀ àlejò. Ẹgbẹ́ tó bá ti ìlú mìíràn wá gbá bọ́ọ̀lù, àlejò ìlú ni wọ́n. Ilé ẹnì kan ni wọn yóò kọ́kọ́ dé, wọn yóò mu omi, wọn yóò pààrọ̀ aṣọ níbẹ̀. Lẹ́yìn eré, ibẹ̀ ni wọn yóò padà sí láti jẹun. Ẹni tó bá fọwọ́ kan wọn, onílé tó gbà wọ́n lálejò ló fọwọ́ kàn. Mo rántí ìlú kan tí ẹgbẹ́ wọn fìdí rẹmi nílé, tí ọ̀dọ́ kan sì fi òkò ba agbábọ́ọ̀lù àlejò lójúgun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá ọmọ tó sọ òkò náà ti gbé omi gbígbóná àti òrí lọ bá ọmọ ọlọ́mọ níbi tí wọ́n wọ̀ sí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á lójúgun, ọmọ rẹ̀ dúró ti ẹnu ọ̀nà, ó dorí kodò. Kò sí ọlọ́pàá tó ránṣẹ́ pè é. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ tó sọ òkò yẹn wà lára àwọn tó ń pín omi fún àlejò.

N kò sọ pé ayé àná mọ́ tónítóní. Ìjà a máa bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú àti ìlú, mo sì ti rí ọjọ́ tí a fi bọ́ọ̀lù gbẹ̀san ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀, a mọ ẹni tó ṣe é, a mọ ilé rẹ̀, a mọ ẹni tí a máa pè.

Kí ló wá yí padà? Àwọn ojúgbà mi máa ń sọ pé ọmọ ìsinsìnyí ò gbẹ̀kọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlú ló tóbi ju ojú tó ń ṣọ́ ọ lọ. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá yunifásítì sílẹ̀ sí Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, èyí tí wọ́n wá fi orúkọ Olóyè Olábísí Ọnàbánjọ sọ ní 2001, ọmọ gbogbo ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé láàárín wa. Oore ńlá ni, ìlú rí iṣẹ́, rí owó, rí ìmọ̀. Àmọ́ èrò tó yí pápá ká di ẹni tí kò mọra wọn. Ọmọ tó ti Wàrí tàbí Ìlọrin wá kò ní àbúrò bàbá kankan ní ìdí òpó góòlù. Àgbà ìlú náà kò mọ orúkọ ọmọ tó fẹ́ pè padà. Nígbà tó yá, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sílé, kò sì sí ẹni tó ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n padà wá.

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe tirẹ̀. Nígbà kan, bí ẹgbẹ́ rẹ bá pàdánù, ìtìjú ọjọ́ méjì ni. O ó lọ sùn, o ó jí. Ní báyìí, mo ti rí ọ̀dọ́ tó fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ta tẹ́tẹ́ lórí eré tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ń gbá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wòran mọ́. Ó ń wo owó rẹ̀ bó ṣe ń lọ, gbogbo ìpinnu rẹfirí sì dà bí olè lójú rẹ̀. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò ní ohunkóhun mọ́ lápò ló máa ń kọ́kọ́ fo ìlà.

Fóònù náà wà ńbẹ̀, òun ló sì yà mí lẹ́nu jù. Láyé àtijọ́, bí èrò bá wọ pápá tayọ̀tayọ̀, torí agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe wọlé: wọ́n fẹ́ dì mọ́ ọn, wọ́n fẹ́ gbé e sí èjìká, wọ́n fẹ́ lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ẹni tó ń wọlé lónìí ń wá àwòrán ara rẹ̀ láàárín èrò. Ó yí ojú sí fóònù, ó kẹ̀yìn sí eléré tó ń sáré bọ̀. Mo ti rí ọmọbìnrin agbá-básíkẹ́ẹ̀tì kan tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gbá lẹ́nu, eyín ọmọ náà sì mì. Ẹni tó gbá a kò mọ̀ pé òun gbá ẹnikẹ́ni. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí fóònù nígbà tí ọmọ náà bo ẹnu.

Ayọ̀ ayọ̀jù làkèré fi ń ṣẹ́ nítan. Àwọn tó ń ṣètò eré máa ń múra sílẹ̀ de ìbínú, wọn kì í múra sílẹ̀ de ayọ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ méjì tó ń ṣọ̀tá bá fẹ́ pàdé, wọn á ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Bí ó bá jẹ́ pé àṣekágbá ni, tí gbogbo ìlú ń retí ife ẹ̀yẹ, wọn á ránṣẹ́ pe onílù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọmọ tí mo ti bá gbé lọ sí ọsibítù lẹ́yìn fèrè ìkẹyìn, àwọn tí ayọ̀ ṣe léṣe ló pọ̀ jù. Mo rántí ọmọ kan, aṣọ́lé, tó mú pẹnáritì tó gbé ife wá sílé. Àwọn ará ìlú rẹ̀ gbé e sókè, wọ́n jù ú, wọ́n hán an. Wọ́n jù ú lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó yẹ kó hán an ti yí padà láti wo ibòmíràn. Egungun apá ọmọ náà kán. Òògùn ìbílẹ̀ àti ọsibítù pawọ́ pọ̀ tọ́jú rẹ̀, apá náà jinná, ṣùgbọ́n kò ṣọ́lé mọ́. Kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀ nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù lórí básíkẹ́ẹ̀tì, ó sì yẹ ká wo ibẹ̀ nítorí pé eré náà ń gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Níbẹ̀, bí ẹgbẹ́ yunifásítì bá na ẹgbẹ́ tó jù ú lọ, àṣà ni pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya lu pápá. Ọmọ Yorùbá kan wà láàárín ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin 1983, ní Albuquerque, Hakeem Ọlájùwọ́n tó ti Èkó lọ sí Yunifásítì Houston wà lórí pápá nígbà tí North Carolina State fi 54 sí 52 borí wọn ní àṣekágbá. Bí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ṣe wọlé ni èrò bo pápá, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá North Carolina State, Jim Valvano, sì ń sáré kiri tó ń wá ẹni tí yóò dì mọ́. Títí dòní ni wọ́n ń fi àwòrán ìsáré yẹn hàn gẹ́gẹ́ bí ayọ̀ tó ga jù nínú eré náà. Ọlájùwọ́n tó pàdánù ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ eléré tó dára jù nínú ìdíje náà, ṣùgbọ́n ta ló rántí ibi tí ó wà nígbà tí èrò ń dà wọlé? Nígbàkúùgbà tí mo bá rí fọ́rán náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ojú mi ń wá.

Àṣà náà dàgbà, ó ń gba ẹsẹ̀ ọmọ. Ní Tucson, ní 2004, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ ní ìparí eré. Àwọn ojúgbà rẹ̀ ya lù ú, wọ́n wó o mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ráyè lọ sí ọpọlọ rẹ̀ dáadáa, apá ọ̀tún ara rẹ̀ sì rọ. Yunifásítì Stanford ti ń dúró dè é nígbà náà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, òǹwòran kan tó ń sáré wọ pápá ní Ohio State kọlu Caitlin Clark, gbajúgbajà ọmọbìnrin Iowa, ó ṣubú lulẹ̀. Oṣù kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní Wake Forest, wọ́n kọlu Kyle Filipowski ti Duke, wọ́n sì ní láti gbé e kúrò lórí pápá. Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí àṣejù ọjọ́ kan ti di ẹ̀tọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń retí.

Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Àwọn obìnrin wa, D'Tigress, gba ife Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, wọn ò jẹ́ kó bọ́. Ní Paris ní 2024, àwọn ni ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele mẹ́jọ ìkẹyìn nínú ìdíje Òlíḿpíìkì. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ní ìlú wa ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè kọ́ eré náà. Pápá tí wọ́n ń lò ńkọ́? Mítà 28 ní gígùn, mítà 15 ní fífẹ̀, lórí kọnkéré. Òfin eré náà ní kí àyè mítà méjì ṣófo yí i ká. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti fọn fèrè, ìka ẹsẹ̀ òǹwòran wà lórí ìlà gan-an, irin tó gbé apẹ̀rẹ̀ ró kò sì ní tìmùtìmù kankan lára. Eléré tó bá sáré kọjá ìlà, orúnkún èèyàn ni yóò bá. Èrò kò tiẹ̀ nílò láti ya wọ irú pápá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti wà nínú rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbínú ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ wa lórí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2022 kò ní kúrò lọ́kàn mi. Nàìjíríà àti Gánà gbá 1-1 ní pápá Moshood Abíọ́lá ní Àbújá, Gánà sì gba ìyẹn lọ sí Ife Àgbáyé ní Qatar. Àwọn èrò ya wọ pápá, wọ́n wó àga ìjókòó àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n ń ju ohun tí ọwọ́ wọn bá bà, àwọn ọmọ tiwa àti ti Gánà ń sá lọ sábẹ́ ilé. Ọlọ́pàá yin tajútajú. Nínú rògbòdìyàn ọjọ́ náà ni Dókítà Joseph Kabungo, ọmọ Zambia tó wá ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò oògùn níbi eré náà, kú. Àwọn kan kọ́kọ́ sọ pé èrò ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù sọ pé ọkàn rẹ̀ ló dúró. Èyí ó wù kó jẹ́, àlejò wa ni. Ìlú wa ló kú sí, níbi tí ó ti wá ṣiṣẹ́ fún wa. Bí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi ọjọ́ yẹn ṣe àríyànjiyàn lórí ẹni tó yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi sínú ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí wọ egungun.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹwàá 2025, lẹ́yìn tí Kano Pillars àti Shooting Stars ti Ìbàdàn gbá ọ̀mì ní Kano, èrò wọ pápá, wọ́n kọlu àwọn ọmọ Ìbàdàn. Ọ̀mì ni o! Kò sẹ́ni tó pàdánù.

Èmi náà ti wà láàárín irú rẹ̀. Ní ìlú kan létí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn àlejò bá wá, èbúté sì wà lápá kejì pápá. Ẹgbẹ́ onílé pàdánù. Bí fèrè ṣe dún ni èrò dúró sáàárín àwọn ọmọ náà àti ọ̀nà omi. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ na ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò rí ọ̀nà lọ sílé, ẹ̀rù sì ba wọn débi pé méjì nínú wọn bẹ́ sínú omi pẹ̀lú bàtà bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀. Apẹja kan ló fà wọ́n sínú ọkọ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà kan ló wá là wá já: ó rìn jáde láàárín èrò, ó fa olórí ẹgbẹ́ àlejò lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ sin àwọn ọmọ òun dé èbúté. Èrò là fún un. Ojú rẹ̀ nìkan ni ohun ìjà tó mú dání.

Àwọn aláṣẹ wá ní kí ni ká ṣe? Ẹ mọ odi, ẹ ti géètì, ẹ kó ọlọ́pàá wá. N kò lòdì sí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí odi àti tajútajú ti ṣe. Ní Accra, ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 2001, Hearts of Oak ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Asante Kotoko. Àwọn kan bínú, wọ́n ń fa àga tu, ọlọ́pàá yin tajútajú sí àárín èrò, géètì wà ní títì. Ó lé ní 120 èèyàn tó kú. Ní Indonesia, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2022, àwọn alátìlẹ́yìn Arema wọ pápá Kanjuruhan nígbà tí ẹgbẹ́ wọn pàdánù; tajútajú tún dé, èrò tẹ ara wọn pa lẹ́nu ọ̀nà, 135 èèyàn lọ. Ní N'Zérékoré ní Guinea, ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá 2024, ìpinnu rẹfirí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ka 56 òkú. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ẹni tó yin tajútajú sínú èrò kò mọ ọmọ ẹni tí èéfín náà máa bá. Ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n wá wòran ni kò lè sáré.

Owó ìtanràn náà ńkọ́? FIFA bu 150,000 owó Switzerland lé Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ Àbújá, ó sì ní kí a gbá eré kan láìsí èrò. Ní Amẹ́ríkà, àjọ SEC, tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì kan, fi òfin lélẹ̀ ní 2023, kí wọ́n tó yí i padà ní 2025, pé ilé-ẹ̀kọ́ tí èrò rẹ̀ bá ya wọ pápá yóò san $100,000 ní ìgbà àkọ́kọ́, $250,000 ní ìkejì, $500,000 ní ìkẹta. Wọ́n san án, èrò sì ń wọlé. Nínú ìdájọ́ wa, ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìtanràn gé ìka ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹni tó fo ìlà ti padà sílé, ó ti sùn. Bí wọ́n bá yọ àmì mẹ́ta lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, àwọn ọmọ tó fi oòrùn àti ẹsẹ̀ wá àmì náà ni wọ́n jẹ níyà. Mo gbà pé kí àjọ bu ìtanràn, nítorí pé kí wọ́n máà ṣe ohunkóhun ló burú jù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìwòsàn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́ bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó ní: “Bàbá, ẹ má bínú, ṣé ẹ fẹ́ ká máa yọ̀ bí ẹni tó wà níbi àdúrà ni? Nígbà tí ẹ̀yin wà lọ́mọdé, ẹ kì í wọ pápá?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, kì í ṣe òmùgọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ti wà láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí ayọ̀ kan náà gbé mì mọ̀ pé kò sí ohun tó dà bí i rẹ̀ láyé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà dì mọ́ra, ẹni tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ di ọmọ ìyá. Ìlú nílò irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, pàápàá ìlú tí gbogbo èèyàn ti di àjèjì síra wọn. Ọmọ yìí kò béèrè ohun búburú.

Mo dá a lóhùn pé: “Ọmọ mi, ayọ̀ yín dára. Ta ló ni pápá nígbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́?” Ó ní àwọn ni. Mo ní rárá, àlejò ṣì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí àlejò bá ti kúrò, tí rẹfirí ti kúrò, tí àwọn ọmọ tiyín náà ti mí, tí wọ́n mu omi, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá bá yín, pápá di tiyín nígbà náà. Ẹ jó títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó ní èrò kò ní lè dúró. Mo ní àwọn èrò tó ṣáájú yín dúró, láìsí odi, nítorí pé ẹni tí wọ́n mọ̀ sọ pé kí wọ́n dúró.

Ìdí tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn fi ṣe pàtàkì lójú mi kò mọ sórí ìkọlù nìkan. Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá Sùúrùlérè ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1989, nígbà tí a ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Angola. Ọmọ ọdún 25 ni. Kò sí ẹni tó kọlù ú. Ọkàn rẹ̀ ni. Chineme Martins ti Nasarawa United ṣubú bẹ́ẹ̀ ní Lafia ní oṣù kẹta 2020, kò sì dìde mọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dúró, ìṣẹ́jú ni ìyè rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe wákàtí. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn fèrè ìkẹyìn, láàárín ọgọ́rùn-ún márùn-ún èèyàn tó ń fò sókè, ta ni yóò rí i? Ibo ni dókítà máa gbà? Mo ti rí nọ́ọ̀sì kan tó ń fi àpótí ìtọ́jú rẹ̀ ti àwọn òǹwòran, tó ń kígbe pé kí wọ́n jọ̀ọ́ yà. Wọ́n rò pé òun náà ń jó ni, wọ́n ń jó lọ bá a. Ọmọ tó ń wá lọ kàn rọ́ lẹ́sẹ̀ ni, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí ó bá jẹ́ ọkàn ni ńkọ́?

Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ìbínú wọ pápá kò ní ẹyẹ kankan lójú. Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ pé ó dùn wọ́n. Nílé-ẹ̀kọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n lé rẹfirí títí dé ọ́fíìsì ọ̀gá, ọ̀gá náà kó àwọn tó léwájú jọ, kò nà wọ́n. Ó ní àwọn ni kí wọ́n máa fa ìlà pápá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n sì máa dúró tì í bí eré bá ń lọ. Àwọn ọmọ yẹn di ẹ̀ṣọ́ tí mo fọkàn tán jù ní gbogbo àgbègbè náà. Èmi kò tún gbọ́ pé ẹnikẹ́ni wọ pápá níbẹ̀ títí ọ̀gá náà fi lọ. Nígbà tó lọ, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní kí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí pápá ká, ó sì dá àwọn ọmọ náà dúró. Lọ́dún kan náà, ẹ̀gún wáyà ya ọmọ kan nítan nígbà tí èrò ń sá fún òjò.

Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yin aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin kábíyèsí àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú North àti Ogun Waterside: kí ẹ tó kéde ìdíje tó ń bọ̀, ẹ lọ bá àwọn àgbà nílé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá jókòó sí ìdí ìlà. Ẹ fi àwọn ọ̀dọ́ tí èrò mọ̀ tì wọ́n, ọmọ ìlú àti ọmọ yunifásítì papọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà kan ṣófo fún áńbúláǹsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ṣí gbogbo géètì sílẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ kúrò lórí pápá. Bí ẹ kò bá tíì rí ẹni tí yóò jókòó sí ìdí ìlà, ẹ sún eré náà síwájú. Ẹ̀yin rẹfirí tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún, ẹ ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti kọ̀: bí ẹ kò bá rí wọn níbẹ̀, ẹ má fọn fèrè ìbẹ̀rẹ̀.